Ìwé Ń Sọ Tirẹ̀, Ẹnu Ń Sọ Tirẹ̀

Ẹni tí kò bá wọ hángà rí a máa rò pé spánà àti gíríìsì ni gbogbo iṣẹ́ àwa tí a ń tún ẹ́ńjìnì bàálù ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé ni ìdajì iṣẹ́ náà. Irin tí a bá fi sára ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó sọ ibi tó ti wá. Ẹni tó fi sí i gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀, ojú ìwé tí wọ́n sì kà kí wọ́n tó mú spánà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó dé kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbéra, ì báà jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ geere.

Mo dé Ìkẹjà láti ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ní Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí pápákọ̀ Murtala Muhammed tí wọ́n ṣí ní 1979 ṣì ń dán. Ẹ́ńjìnì tí ọwọ́ mi mọ̀ jù ni JT8D ti Pratt & Whitney, èyí tó máa ń wà lábẹ́ apá Boeing 737-200. Ariwo rẹ̀ ló ń jí àwọn ará Máfolúkù láràárọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbà mí síṣẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí mọ ibẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ mí kò sì pàdánù nǹkan kan.

Yàrá ìwé wa wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn súpáfáísọ̀. Ìwé ìlànà irú ọkọ̀ kan ṣoṣo tó láti kún ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, nítorí náà orí máíkírófíìmù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, nínú káátírééjì pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ inú ẹ̀rọ tó ní gílóòbù àti gíláàsì. Bí orí ìwé ṣe tò kì í yí padà láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, nítorí pé láti 1956 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà tí a ń pè ní ATA 100 jáde: orí 72 ni ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, 73 ni epo, 78 ni ibi tí èéfín ń gbà jáde, 79 ni ọ́ìlì. Títí di òní, bí mo bá rí 79 lára ògiri ilé ẹnìkan, ọ́ìlì ni mo máa ń rántí.

Ẹ̀rọ yẹn ní ọ̀tá méjì. NEPA ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni ìwé tó ń tẹ̀ jáde, tí ó máa ń jáde ní tútù, tí yóò sì máa ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí a kò fi ní lè ka nọ́ńbà kankan mọ́. Ìlànà ni pé ìwé tí o bá tẹ̀ lónìí, òní náà ni iṣẹ́ rẹ̀ parí, kí o fà á ya. Ta ni yóò fà á ya? Ẹni tó ti tò fún wákàtí kan kí ó tó rí ojú ìwé kan gbà, kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni yóò gbé e sí. Mo mọ kọ́bọ́ọ̀dù tí ojú ìwé inú rẹ̀ ti lọ́jọ́ lórí ju àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń ṣí i lọ.

Àtúnṣe ìwé a máa dé láti òkèèrè ní ìgbà mélòó kan lọ́dún, èyí tó bá jẹ́ kánjúkánjú a sì dé lórí tákàdá aláwọ̀ ìyeyè. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí a ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, owó yẹn wà lára ohun tí àwọn tó ń ṣọ́ àpò kọ́kọ́ sún síwájú. Wọn kò lè sún owó táyà síwájú, nítorí táyà tó jẹ, gbogbo ojú ló ń rí i. Ojú ìwé tó ti di àtijọ́ kò yàtọ̀ sí tuntun lójú ẹni tí kò mọ̀.

Bí ohun tí a ń pè ní ìwé dúdú ṣe gbilẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Kò sí ọ̀gá kan tí kò ní jọ́tà kékeré nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, tí ọ́ìlì ti mu ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a ń pè ní Bàbá Ìlọrin, tirẹ̀ ni gbogbo ayé ń fẹ́ wò. Ó yàwòrán ibi tí ọwọ́ lè gbà dé bóòtù kan tí ìwé ilé-iṣẹ́ ní kí a fi irinṣẹ́ kan tú, irinṣẹ́ tí a kò ní, tí a kò sì ní í rà. Ó kọ ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ́ìlì tí a rí lára ẹ́ńjìnì jẹ́ ti òní tàbí ti àná. Bí mo bá dìde pé mo ń lọ sí yàrá òkè, á ní, "Ọmọ, jókòó. Kí lo fẹ́ mọ̀?"

Àwọn tó ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ nísinsìnyí máa ń bú ìwé dúdú, wọ́n ní ìwà àìbófinmu ni. N kò bá wọn bú u. Òun nìkan ni ìwé tí mo rí ní hángà yẹn tí mẹkáníìkì kọ fún mẹkáníìkì. Gbogbo èyí tó kù, ìnspẹ́kítọ̀ ni a ń kọ ọ́ fún, ìjọba ni a ń kọ ọ́ fún, ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n á mú ni a ń kọ ọ́ fún. Àléébù ìwé dúdú ni pé kò sí ẹni tó ń ṣàtúnṣe rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló sì mọ ohun tó fò. Nínú ti Bàbá Ìlọrin, a lè rí "25" lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì kan, láìsí nǹkan mìíràn. Àwọn Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń ka agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì le, pọ́n-ùn orí ínǹṣì àti pọ́n-ùn orí ẹsẹ̀ bàtà, ìkejì sì jẹ́ ìlọ́po méjìlá ti àkọ́kọ́. Bàbá Ìlọrin kò nílò kí ó kọ èwo ni, ojú rẹ̀ ti mọ nọ́ọ̀tì náà. Àwọn tó da ìwé rẹ̀ kọ ni mo ń bẹ̀rù fún.

Ìtàn tí àwọn àgbà fi kí wa káàbọ̀ sínú iṣẹ́ ni ti Chicago. Nigeria Airways ní DC-10 nígbà náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ẹ́ńjìnì apá òsì DC-10 ti American Airlines já bọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń gbéra, èèyàn 273 ló kú, méjì nínú wọn wà lórí ilẹ̀. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe ti máa ń yọ ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ apá irin tó so ó kọ́, wọ́n á fi ọkọ̀ agbẹ́rù gbé méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣẹ́ lè yá, nígbà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti ní kí wọ́n yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni irin ti sán. Àwọn àgbà a máa gbọn orí lórí ọkọ̀ agbẹ́rù yẹn. Ohun tó mú èmi lọ́kàn yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Continental, ti ba irin yẹn jẹ́ ní ọ̀nà kan náà ṣáájú, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì ti sọ fún àwọn tó ṣe ọkọ̀. Àwọn yẹn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ń pín kiri fún àwọn tó ń lo DC-10, ní oṣù kìíní 1979, oṣù mẹ́rin kí Chicago tó ṣẹlẹ̀. Ìwé dé. Àwọn tí ọ̀ràn apá irin náà kàn ní American Airlines kò mọ̀ pé ó dé.

Hángà wa ní ṣíìfù mẹ́ta. Lórí tákàdá, ó yẹ kí àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ jọ dúró nídìí ẹ́ńjìnì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹni tó ń lọ na ọwọ́ sí ohun tó kù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó gbé àwọn aláàárọ̀ wá náà ló ń gbé àwọn alóru lọ sí Agége, Mushin àti Ìyànà-Ìpájà. Dírẹ́bà kò ka ìlànà wa. Bí ó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ẹni tí kò bá tíì wọlé yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí yóò ti rí mólúè. Nítorí náà, ẹnu géètì ni a ti ń fi iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́, báàgì ti wà léjìká. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà lórí ohun tó ń fa àṣìṣe nínú hángà. Gordon Dupont, ará Kánádà, to ohun méjìlá jọ ní 1993, àìbánisọ̀rọ̀ dáadáa ló sì fi ṣe àkọ́kọ́. N kò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ̀wé nípa bọ́ọ̀sì.

Òru kan wà tí àwọn alóru ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì apá òsì 737 kan tó gbọ́dọ̀ lọ Kánò ní àárọ̀. Wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnì gòkè, wọ́n ti so páìpù mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn páìpù epo, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi yí nọ́ọ̀tì rẹ̀, nítorí pé spánà oníwọ̀n tí ẹnu rẹ̀ bá a mu wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mìíràn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó burú wà lórí káàdì iṣẹ́. Gbólóhùn kan ni wọ́n kọ fún páìpù mẹ́rin: kí a so wọ́n, kí a fún wọn dé ìwọ̀n, kí a fi wáyà dè wọ́n. Àpótí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo rẹ̀. Ìnspẹ́kítọ̀ ń múra àtilọ, ó ní kí wọ́n kó káàdì wá. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ti parí. Òǹtẹ̀ balẹ̀.

Ọ̀gá àwọn alóru kì í ṣe ẹni tí ń fi iṣẹ́ ṣeré. Ó rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sí wa. Ọmọ náà bá ọ̀gá tiwa ní ẹnu géètì.

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Ọ̀gá ní kí ẹ má gbàgbé páìpù epo o."

"Èwo nínú wọn?"

"Ti ìsàlẹ̀, sà." Dírẹ́bà fọn fèrè, ọmọ náà sáré.

Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Páìpù wà níbẹ̀. Ó wo káàdì. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwa ọ̀dọ́ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a tún fi spánà oníwọ̀n kàn án?" Ó wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé àgbà tó lu òǹtẹ̀ yìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé o rí ẹni tó fọwọ́ sí i?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní hángà wa, bí ọmọdé bá yẹ iṣẹ́ àgbà wò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gàn ni wọ́n kà á sí. Ó sì jẹ́ ohun ìyanu pé àwọn òyìnbó tó kọ ìlànà iṣẹ́ wa ti rò pé ẹnikẹ́ni lè bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

A fa ọkọ̀ lọ sí ibi tí a ti ń dán ẹ́ńjìnì wò. Ó gbaná. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, epo tú yàà sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó dúró ti ìgò apaná gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n pa ẹ́ńjìnì. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fún nọ́ọ̀tì yẹn dé ìwọ̀n, ọkọ̀ sì lọ Kánò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kúérì dé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fún. Wọ́n ní kò jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ó jí i o, ohun tí wọ́n rán an gan-an ló sọ. Wọ́n béèrè ẹni tó sọ kí ni, ẹni tó fọwọ́ sí kí ni. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí páìpù mẹ́rin fi ń pín àpótí kan. Káàdì kan náà la lò nígbà tí ẹ́ńjìnì mìíràn tún dé.

Kí ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1983, Lockheed TriStar ti Eastern Air Lines gbéra ní Miami, ó ń lọ sí Nassau ní Bahamas pẹ̀lú èèyàn 172. Ẹ́ńjìnì mẹ́ta ló ní. Ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú ọ̀kan, wọ́n pa á, wọ́n sì yí orí ọkọ̀ padà sí Miami. Kí wọ́n tó débẹ̀, méjì tó kù kú tẹ̀ léra wọn. Ọkọ̀ náà rọra ń já bọ̀ láti nǹkan bí 13,000 ẹsẹ̀ bàtà sí nǹkan bí 4,000 lókè òkun, kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pa tàn padà. Òun nìkan ló gbé wọn délé. Kò sí ẹni tó kú.

Nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ohun èlò kékeré onímágínẹ́ẹ̀tì kan wà tí ń mú èérún irin tó bá wọ inú ọ́ìlì. A máa ń yọ ọ́ wò, nítorí èérún yẹn ló ń sọ fún wa bí ara ẹ́ńjìnì bá ti ń jẹ. Ní òru tó ṣáájú, mẹkáníìkì méjì pààrọ̀ rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òrùka rọ́bà tó yẹ kó dí etí rẹ̀ kò sì sí lára ọ̀kankan. Káàdì iṣẹ́ ní kí wọ́n fi òrùka tuntun sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ó ti ṣe. Èyí tí wọ́n máa ń gbà ní ọ́fíìsì fọ́máànù, òrùka ti máa ń wà lára rẹ̀. Ní òru yẹn, kò sí ní ọ́fíìsì. Sítọ́ọ̀ ni wọ́n ti rí i gbà, pẹ̀lú àmì pé ó dára fún lílò, ti sítọ́ọ̀ kò sì ní òrùka. Àwọn tó ń kó nǹkan sí ọ́fíìsì ti ń bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tó kọ ọ́ síbì kan.

Nígbà tí ìtàn yìí dé hángà wa, àwọn kan rẹ́rìn-ín àwọn Amẹ́ríkà. Bàbá Ìlọrin kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sí sítọ́ọ̀, ó ní kí wọ́n kó gbogbo irú rẹ̀ tó wà níbẹ̀ jáde kí òun fojú rí i, ó sì kọ ohun tó rí sínú jọ́tà.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ṣẹlẹ̀ ní England, ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1995, torí pé bí ẹni ń ka ìwé nípa wa ni. Boeing 737-400 ti British Midland gbéra ní East Midlands, ó ń lọ sí Lanzarote. Kò tíì rìn jìnnà tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì méjèèjì fi ń lọ sílẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n darí ọkọ̀ sí Luton, wọ́n balẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ráúráú. Ní òru, wọ́n ti fi awò gígùn kan wo inú ẹ́ńjìnì méjèèjì. Kí a tó lè wò ó bẹ́ẹ̀, a ní láti ṣí ìdérí kékeré kan kí a lè máa fi ọwọ́ yí inú ẹ́ńjìnì náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹnu ló fi sọ ibi tó bá a dé, kò sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tó gbà á jẹ́ ọ̀gá tí gbogbo hángà ń pè síbí pè sọ́hùn-ún ní òru yẹn. Ìdérí ẹ́ńjìnì méjèèjì kò padà sí ipò rẹ̀, ìwé sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Wọn kò tan ẹ́ńjìnì wò lórí ilẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òru wọn àti òru tiwa, nígbà tí epo tú sílẹ̀ yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwa tan án wò.

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé èdè ló ń dà wá láàmú, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti pijin sì ni ẹnu hángà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù pàápàá rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ìwé ìlànà le jù fún àwọn tí kì í ṣe èdè ìyá wọn, wọ́n sì gbé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú rọrùn jáde ní 1986: gbólóhùn kúkúrú, ìtumọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan. Ó ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ni àwọn méjì East Midlands jọ ń sọ. Èdè kan náà ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ọ̀gá wa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ẹnu géètì.

Lẹ́yìn tí ìjọba ti fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, tí ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Ìkẹjà, ìṣòro ìwé wá di èyí tí ọwọ́ kò ká. Nínú ikùn JT8D, àwọn àwo irin tí abẹ tò sí létí wà, tí ń yí pẹ̀lú agbára tí kò ṣeé fẹnu sọ. Bí ọ̀kan bá fọ́, kò sí páànù tó lè dá a dúró. Nítorí náà wọ́n ní ọjọ́ ikú. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra tí ó sì balẹ̀ ni a ń kà sí wọn lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá 20,000. Ojú kò lè wo àwo kí ó mọ iye tó ti lò, ìwé nìkan ló lè sọ ọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́ títí di òní, láìsí ọjọ́ tó sọnù. Bí ọdún méjì bá sọnù nínú ìwé rẹ̀, àwo náà ti kú, bó tilẹ̀ ń dán.

Mo ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan fún ìgbà díẹ̀ ní àwọn ọdún yẹn. Wọ́n ra ẹ́ńjìnì kan tó ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́ta. Àpótí ìwé rẹ̀ wúwo, inú wa dùn. A ṣí i, apá kan jẹ́ Faransé tí a fi ọwọ́ kọ, apá kan jẹ́ ẹ̀dà ti ẹ̀dà, tí nọ́ńbà ara àwo kan nínú rẹ̀ ti parẹ́. Ẹni tó ni owó pè mí.

"Ẹnjiníà, kí ló kù?"

"Ọ̀gá, ìwé ni. Àwo mẹ́ta kò ní ìtàn."

"Ìwé lásán? Ṣé kì í ṣe pé kí a tẹ̀ ẹ́ ni?"

Ohun tó sọ kò ṣàjèjì. Ní 2023, ní London, àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AOG Technics ti ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnì CFM56 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ayédèrú, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń tú ẹ́ńjìnì wọn láti wá a kàn. Mo ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí nítorí mo mọ bó ṣe rọrùn tó. Ọ̀gá tí mò ń sọ yìí ra àwo mẹ́ta mìíràn nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìwé tó pé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ rere mọ́ títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti parí gbogbo èyí. Nígbà tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Air Transat ni mo máa ń mú wá. Ní oṣù kẹjọ 2001, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì apá ọ̀tún Airbus A330 kan ní Mirabel ní Kánádà. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n yá fún wọn jẹ́ irú ti àtijọ́ díẹ̀ sí èyí tí wọ́n yọ, páìpù rẹ̀ kò sì bá pọ́ǹpù tí wọ́n fẹ́ lò mu. Ìwé kan wà tó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Orí kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gbìyànjú láti ṣí i, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́. Ó fi fóònù pe ọ́fíìsì, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n fi páìpù epo ti ẹ́ńjìnì tí wọ́n yọ pọ̀ mọ́ páìpù háídírọ́líìkì ti èyí tí wọ́n yá, wọ́n fi ọwọ́ tì wọ́n kí àlàfo lè wà láàárín wọn. Àlàfo náà kò dúró. Páìpù méjèèjì ń fi ara ha ara wọn títí tí ti epo fi ya. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, lórí òkun Atlantic, ní ọ̀nà Toronto sí Lisbon, epo tán pátápátá pẹ̀lú èèyàn 306 nínú ọkọ̀. Awakọ̀ darí rẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnì kankan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 títí tó fi balẹ̀ ní Lajes ní erékùṣù Azores. Gbogbo wọn yè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú iṣẹ́ náà báyìí, ní hángà kan ní Èkó. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ka ìwé ìlànà, òun náà ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́, ojú ìwé tó ti di àtijọ́ a máa parẹ́ fúnra rẹ̀. Mo jowú rẹ̀. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí ṣíìfù bá parí. Ó ní àyè kan wà fún un lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọn a sì máa kọ ọ́ síbẹ̀.

"Ṣé ìyẹn tó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn ọ̀gá òkè àti àwọn ará NCAA ti ìjọba ló ń ka ìyẹn. Èyí tí a fẹ́ kí ara wa mọ̀, WhatsApp ni a ń fi í sí."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n wò ó. Ó kọ̀. Ó ní ìlànà ilé-iṣẹ́ kò fàyè gbà á.